Ohùn Ìyá Nínú Àdúrà Ìkúnlẹ̀

Bí obìnrin bá ń rọbí ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, àdúrà àwọn àgbà ni pé kí wọ́n gbọ́ ohùn ìyá, kí wọ́n sì gbọ́ ti ọmọ. Ohùn ìyá ló ṣíwájú. Ṣùgbọ́n ta ló ń bi í, kí ìrọbí tó dé, ohun tí ó fẹ́ kí wọ́n ṣe bí kò bá lè fọhùn mọ́?

Ọ̀yọ́ ni Wọlé Ṣóyínká fi ìtàn Death and the King's Horseman sí, eré tó jáde ní 1975. Gbogbo ọjà ló mọ ohun tí Ẹlẹ́ṣin fẹ́: yóò bá ọba lọ, ṣùgbọ́n yóò kọ́kọ́ fi irú-ọmọ sílẹ̀ nínú wúńdíá kan. Wúńdíá yìí, tó jẹ́ àfẹ́sọ́nà ọmọ Ìyálọ́jà, ni yóò ru oyún náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin, kò sọ gbólóhùn kan. Ìbéèrè ìdánwò kì í sì fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ tún wáyé ní Georgia, ní Amẹ́ríkà, ní 2025. Ọpọlọ obìnrin kan kú pátápátá ní oṣù Kejì, nígbà tí oyún rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 9. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń mú un mí títí di oṣù Kẹfà, tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ jáde. Ọmọ náà kò tó kílò kan. Lẹ́yìn ọjọ́ 4, wọ́n pa ẹ̀rọ. Ẹbí ní àwọn dókítà sọ pé òfin tó de oyún ṣíṣẹ́ ni kò jẹ́ kí àwọn pa á tẹ́lẹ̀. Ọ́fíìsì agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà ní òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá olóògbé ní ẹbí ló yẹ kó pinnu. Ní Texas, ọkọ kan ní aya òun ti sọ pé òun kò fẹ́ ẹ̀rọ. Síbẹ̀ ó di oṣù Kìíní 2014, lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, kí ilé-ẹjọ́ tó pàṣẹ pé kí wọ́n pa á.

Ní Nàìjíríà, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní 1991 kọ̀ láti gba ẹ̀jẹ̀ nítorí ẹ̀sìn rẹ̀. Dókítà Okonkwo kò fipá mú un, obìnrin náà sì kú. Ìgbìmọ̀ tó ń bá oníṣègùn wí dá dókítà dúró fún oṣù 6, ṣùgbọ́n ní 2001 ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kò jẹ̀bi: àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lè kọ ìtọ́jú. Òótọ́ ni pé ọmọ ti jáde nínú obìnrin yẹn. Bí ó bá ṣì wà nínú ńkọ́?

Oyún nìkan kò tó ìdí láti sọ ọ̀rọ̀ ìyá nù. Bí ó bá ní kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ títí oyún yóò fi gbó, kí wọ́n sa gbogbo ipá (nílé ìwòsàn ilẹ̀ yìí, àìsí owó ló ń pa ẹ̀rọ ju òfin lọ). Bí ó bá ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n pa á. Èyí tó ṣòro ni ọ̀rọ̀ tí ó sọ kí ó tó lóyún, nítorí ẹni tó ń retí ọmọ lè yí ọkàn padà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n tún un bi.

Ọ̀pọ̀ yóò ní kò yẹ kí wọ́n dárúkọ ikú létí aboyún. Àwọn kan náà ló ń sọ pé aboyún fi ẹsẹ̀ kan sáyé, ó fi ẹsẹ̀ kan sọ́run. Ògbómọ̀ṣọ́, tí ilé ìwòsàn Bowen àti ti LAUTECH wà, lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìlà kan ni yóò gbà lórí káàdì aboyún, agbẹ̀bí tó mọ ọ̀rọ̀ sọ yóò sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í, nígbà tí ọkọ àti ìyá ọkọ kò sí nítòsí.