Abẹ́rẹ́ Kì í Ṣe Bọ́lá

Ní Kumasi, bọ́lá là ń pe pàǹtírí, gbogbo rẹ̀ ló sì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀: èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀rá omi, àti abẹ́rẹ́ tí bàbá tó ní ìtọ̀ ṣúgà fi gún ara rẹ̀ láàárọ̀. Ohun tí mo ń bá jà nìyẹn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti pín ìdọ̀tí ìtọ́jú aláìsàn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́: ohun mímú, ohun tó ń kó àrùn ranni, ẹ̀yà ara, oògùn tó ti kọjá ọjọ́, kẹ́míkà, àti àwọn mìíràn. Wọ́n ní nínú 100, nǹkan bí 85 ni kò léwu ju ti ilé lọ. 15 tó kù ló ń náni lówó, àfi bí ẹ bá dà á pọ̀ mọ́ 85, tí gbogbo rẹ̀ wá di ewu.

Ta ló yẹ kó yà á sọ́tọ̀? Ẹni tó lo abẹ́rẹ́ náà ni, lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe ọmọkùnrin tó ń wa aboboyaa, tó ń fi ọwọ́ lásán tú àpò wa. Bí abẹ́rẹ́ tí a fi gún ẹni tó ní àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B bá gún 100 ènìyàn tí kò gba àjẹsára, nǹkan bí 30 lè kó o.

Síbẹ̀, àpótí aláwọ̀ ìyeyè kì í kọjá ẹnu ọ̀nà ọsibítù. Kí kẹ́míìsì tó ta abẹ́rẹ́ gba èyí tí a ti lò padà. Kí Pharmacy Council fi í sínú ìwé àṣẹ tí wọ́n ń fún wọn. Wọn á ní ó ṣòro. Ṣebí à ń gba ìgò bíà padà?