Ẹ Jẹ́ Kí Èéfín Sọ Tẹnu Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Tú Ẹ́ńjìnnì

Kí oòrùn tó yọ dáadáa ní Màgbòrò, títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti kún fọ́fọ́. Tírélà ń bọ̀ láti Ṣàgámù, bọ́ọ̀sì ń kó èrò lọ sí Berger, àwọn ará Ìbàfò àti Mowé ń sáré kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí Long Bridge tó ká wọn mọ́. Láàárín wọn ni ọkọ̀ dísù ọlọ́jọ́ pípẹ́ máa ń wà: Mercedes 240D, Peugeot 505, bọ́ọ̀sì Mercedes 207 tí wọ́n ti tún kùn láìmọye ìgbà. Awakọ̀ á tẹná, èéfín á sì bo àwọn tó dúró de ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àwọn kan á bomú, àwọn kan á ṣépè.

Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹjọ́ rẹ̀ kì í pẹ́. Wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní kí ọmọ iṣẹ́ tẹná lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀gá á mi orí: "Bàbá, ẹ́ńjìnnì yìí ti lọ o. Rìǹgì písítìn ni. A máa tú u palẹ̀ ni." Ó parí. Kò wo àwọ̀ èéfín, kò gbóòórùn rẹ̀, kò béèrè bóyá òwúrọ̀ nìkan ló ń rú tàbí ìgbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, owó ti tán lápò oníọkọ̀, èéfín náà sì lè wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Oníṣègùn tó mọṣẹ́ kì í wa egbò kó tó béèrè ibi tó ń dun aláìsàn. Àwọn àgbà máa ń fi ìwà wé èéfín, nítorí pé kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì dísù rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ohun tó ń ṣe é ló ń tú jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà àti nínú ariwo rẹ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó, tó sì fetí sí i, yóò mọ ibi tí àìsàn wà kí sípánà kankan tó kan ẹ́ńjìnnì.

Bí iná ṣe ń ràn nínú rẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀. Ọkọ̀ bẹntiróòlù ní plọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo. Ti dísù kò ní. Rudolf Diesel, ará Jámánì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe epo náà, béèrè fún ìwé àṣẹ lórí èrò rẹ̀ ní 1892, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ṣiṣẹ́ dáadáa ní Augsburg ní 1897. Afẹ́fẹ́ ló gbé iṣẹ́ ìṣáná lé lọ́wọ́. Písítìn á fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí àyè tó gbà kò fi ní ju nǹkan bí ìdá kan nínú 20 èyí tó gbà tẹ́lẹ̀ lọ. Ooru rẹ̀ á kọjá ìwọ̀n 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìgbà yẹn ni nọ́sùlù á fọ́n dísù sínú rẹ̀, epo á sì gbaná fúnra rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó, tàbí ìfúnpọ̀ kò le, tàbí epo kò fọ́n kúnná lásìkò tó yẹ, èéfín ló máa kọ́kọ́ sọ ọ́.

Èéfín dúdú ló wọ́pọ̀ jù. Epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ nínú sìlíńdà, èyí tí kò rí afẹ́fẹ́ jó tán ló di èédú lẹ́búlẹ́bú tó ń jáde. Ní agbègbè bíi Màgbòrò, níbi tí ọ̀pọ̀ ọ̀nà àdúgbò tó yà kúrò lójú títì ńlá ti jẹ́ ọ̀nà erùpẹ̀, fílítà afẹ́fẹ́ ló yẹ kí ojú kọ́kọ́ lọ. Eruku ẹ̀ẹ̀rùn kan péré lè dí i pa. Yíyọ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ńlá: kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n gbé e dojú kọ oòrùn, bí ìmọ́lẹ̀ kò bá la inú rẹ̀ kọjá, ó ti kú. Kí wọ́n fi tuntun sí i, kí wọ́n wa ọkọ̀ náà dé Ìbàfò, kí wọ́n padà. Ó ń dunni gan-an pé ẹnìkan lè fi owó ilé ìwé ọmọ tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ nítorí fílítà tí kò ju ohun tí wọ́n ń rà lórí káńtà lọ.

Bí fílítà bá mọ́ tí èéfín dúdú kò lọ, nọ́sùlù ló kàn. Nọ́sùlù tó dára ń fọ́n dísù bí ìkùukùu. Èyí tó ti jẹ ń kán an sílẹ̀ tó, tó, tó, bí ẹnu ẹ̀rọ omi tí rọ́bà rẹ̀ ti gbó. Iṣẹ́ kálíbrétọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ti mẹkáníìkì lásán. Òun ló ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán nọ́sùlù wò, láti mọ̀ bóyá ó ń ṣí ní ìwọ̀n agbára tó yẹ àti bóyá ó ń fọ́n dọ́gba. Àṣà kan sì wà lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ tó ń dá kún ìṣòro yìí: wọ́n á ní kí wọ́n ṣí pọ́ǹpù sí i kí ọkọ̀ lè lágbára. Agbára díẹ̀ lè wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò pọ̀ sí i, dísù tí wọ́n fi owó gidi rà ló ń fò lọ sójú ọ̀run. Ọkọ̀ tó ní tábò náà ní tirẹ̀. Rọ́bà tó gbé afẹ́fẹ́ láti ara tábò wọ ẹ́ńjìnnì lè ya, èéfín dúdú á gba gbogbo títì, rìǹgì kò sì mọwọ́mẹsẹ̀.

Èéfín funfun ṣòro díẹ̀, torí ibi méjì ló ti ń wá, imú ló sì ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ó bá ń ta ojú, tó ń run dísù, epo tí kò jó ni. Láàárọ̀ ọyẹ́, nígbà tí ara ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, díẹ̀ nínú rẹ̀ kò burú bí ó bá tètè lọ. Bí kò bá lọ, kí wọ́n yẹ hítà plọ́ọ̀gì wò, ìyẹn irin kékeré tó ń mú inú sìlíńdà gbóná kí ọkọ̀ tó sítáàtì. Ẹyọ kan tó kú nínú mẹ́rin ti tó láti sọ ọkọ̀ di oníkọ́ láràárọ̀, rewáyà tó ní iná àyẹ̀wò lọ́wọ́ á sì ti mọ èyí tó kú kí omi tíì tó hó lórí sítóòfù. Ṣùgbọ́n bí funfun náà kò bá ta ojú, tó nípọn bí ooru ìkòkò tó ń hó, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín láìsí ibi tó ń jò, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ni kí wọ́n fura sí. Kí ẹnikẹ́ni má wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Omi kò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Bí ó bá kún orí písítìn, kọ́nírọ́ọ̀dù ló máa tẹ̀.

Ẹni tó bá ti dé ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, tó ti rí aró lára àdìrẹ, kò ní pẹ́ dá èéfín kẹta mọ̀. Àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́ ló ní, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló sì ń jó. Ibí ni rìǹgì ti lè jẹ̀bi ní tòótọ́. Síbẹ̀, kí wọ́n tó dá a lẹ́bi, kí wọ́n yọ ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí èéfín bá ń tú jáde níbẹ̀ pù-pù-pù bí ìkòkò tó ń hó, ìfúnpọ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ rìǹgì sá lọ sísàlẹ̀. Bí ibẹ̀ bá dákẹ́, tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì ọkọ̀ nìkan ni èéfín aró ń jáde, rọ́bà orí fáàfù ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Ìyẹn kò ní kí wọ́n yọ písítìn kankan. Nígbà míì, ẹni tó ṣe sáfíìsì ló da ọ́ìlì kọjá àmì.

Ariwo ló ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú jù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ bẹntiróòlù á rò pé gbogbo ẹ́ńjìnnì dísù ló ti nọ́ọ̀kì, nítorí epo tó ń gbaná lójijì nínú ìfúnpọ̀ tó le kò lè ṣe kó má ké, pàápàá láàárọ̀. Ṣùgbọ́n etí Yorùbá tó ń ya ohùn ìyáàlù sọ́tọ̀ kúrò lára gúdúgúdú láti òkèèrè kò yẹ kó ṣi ariwo kan gbọ́ fún òmíràn. Tẹ́-tẹ́-tẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ láti òkè, tó ń yára bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára, àlàfo fáàfù ló ti fẹ̀ jù. Títún un sẹ́ẹ̀tì ni. Kán-kán-kán tó mú bí òòlù alágbẹ̀dẹ lórí irin, tó ń ti ojú sìlíńdà kan ṣoṣo wá, nọ́sùlù ló sábà máa ń jẹ́. Gbì-gbì-gbì tó jinlẹ̀, bí ìgbà tí ará ilé kejì ń gúnyán, tó ń le sí i bí ọkọ̀ bá ru ẹrù, tí iná ọ́ìlì sì ń ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, bẹ́ríǹgì ìsàlẹ̀ ni. Kí wọ́n pa ọkọ̀ náà síbi tó wà.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn mẹkáníìkì ìgbà Mercedes 911, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kan mọ́lúè l'Ékòó nígbà náà, mọ̀ dunjú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra ṣiṣẹ́, wọ́n á fi àkísà bo nọ́ọ̀tì páìpù nọ́sùlù kan, wọ́n á tú u díẹ̀ kí epo má lè dé sìlíńdà yẹn, wọ́n á padà dì í, wọ́n á kọjá sí èkejì. Ibi tí ariwo tàbí èéfín bá ti dá nígbà tí wọ́n tú u, ibẹ̀ ni àìsàn wà. Èyí tí ohùn ẹ́ńjìnnì kò bá yí padà rárá nígbà tí wọ́n tú tirẹ̀, sìlíńdà yẹn kò ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Sípánà kan péré ló gbà. Ọkọ̀ àtijọ́ nìkan ni ọ̀nà yìí wà fún, ọwọ́ kò sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibi tí epo ti ń tú. Ọkọ̀ dísù òde òní tó ń lo common rail ń ti epo pẹ̀lú agbára tó lè ju 1,000 bar lọ. Epo bẹ́ẹ̀ lè gún awọ ara wọlé bí abẹ́rẹ́, wọ́n sì ti gé ìka àti ọwọ́ àwọn kan nítorí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tú páìpù rẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́.

Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ló ni gbogbo ẹ̀bi o. Dísù inú kẹ́ẹ̀gì ẹ̀bá títì lè ní omi nínú, omi sì ń jẹ ẹnu nọ́sùlù. Èyí tí wọ́n fi kẹrosíìnì lú kò ní ọ̀rá tó, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù ló jẹ́ pé dísù tó ń gba inú rẹ̀ kọjá nìkan ló ń mú un yọ̀. Kí oníọkọ̀ bu díẹ̀ sínú ìgò funfun, kó gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Omi á lọ jókòó sídìí ìgò.

Imí-ọjọ́ inú epo tún wà, ojú kò sì lè rí ìyẹn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016, àjọ Public Eye ti Switzerland gbé ìwádìí jáde lórí epo tí wọ́n ń tà ní Áfíríkà. Wọ́n yẹ dísù wò ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tí Benin wà lára wọn, wọ́n sì bá èyí tí imí-ọjọ́ rẹ̀ tó ìwọ̀n 3,780 nínú mílíọ̀nù kan ní Mali, nígbà tí òfin Yúróòpù kò gbà ju 10 lọ. Imí-ọjọ́ yìí ń di ásíìdì lẹ́yìn tó bá jó, ásíìdì náà sì ń jẹ rìǹgì àti ògiri sìlíńdà. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Nàìjíríà, Benin, Togo, Ghana àti Côte d'Ivoire fẹnu kò ní Abuja láti mú un wálẹ̀ sí 50. Dísù tí wọ́n ń ṣe nílé náà ti wà báyìí: ilé ìfọpo Dangote ní Lekki bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní oṣù Kìíní 2024. Ohun tó kù ni kí ìjọba máa yẹ epo wò ní àwọn ilé epo tó wà láti Berger dé Mowé, kí wọ́n sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tà á.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá ti ọkọ̀. Láti oṣù Kẹfà 2012 ni ẹ̀ka ìwádìí jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde pé èéfín dísù ń fa jẹjẹrẹ, àwọn ìyá tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Màgbòrò sì ń fà á símú láti àárọ̀ dalẹ́. Nàìjíríà ní ìlànà lórí èéfín ọkọ̀ bẹntiróòlù àti dísù láti 2011, àjọ NESREA tó ń mójú tó òfin àyíká ló ni í. Ṣùgbọ́n owó ìtanràn nìkan kò lè tún nọ́sùlù ṣe. Ibi àyẹ̀wò ni agbègbè yìí nílò, níbi tí wọ́n á ti wọn èéfín, tí wọ́n á kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé, tí wọ́n á sì fún oníọkọ̀ láyè láti tún un ṣe.

Àwọn kan á ní kí wọ́n kúkú ta ọkọ̀ àtijọ́ fún àwọn oníirin. Ṣùgbọ́n Gregorios Sachinidis, awakọ̀ takisí ní Thessaloniki ní Gíríìsì, wa Mercedes 240D ọdún 1976 dé 4.6 mílíọ̀nù kìlómítà kó tó gbé e fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Mercedes ní 2004. Ó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ń tún wọn ṣe. Ọjọ́ orí kọ́ ló ń pa ọkọ̀ wọ̀nyí, àìfetísílẹ̀ ni.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù, àwọn àgbà ẹgbẹ́ mẹkáníìkì ní Màgbòrò, Ìbàfò àti Mowé ló sì ni í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ yín bí wọ́n ṣe ń wo àwọ̀ èéfín àti bí wọ́n ṣe ń tú páìpù nọ́sùlù ọkọ̀ àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ dán wọn wò lórí rẹ̀, kí ẹ tó ṣe fírídọ́ọ̀mù fún wọn.