Ẹ Bá Wa Ṣí Yàrá Kan: Lẹ́tà Gbangba sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà

Alága wa,

Ẹ má bínú pé gbangba ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Lẹ́tà méjì ni mo ti fẹsẹ̀ ara mi gbé lọ sí ọ̀fíìsì kan tí kì í ṣe tiyín. Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, wọ́n ní kí n máa lọ sílé, pé àwọn á pè mí. Láti ìgbà náà, n kì í jẹ́ kí iná tán lórí fóònù mi.

Alága kan ló rán mi sí yín. Ọmọ ọdún 12 ni, ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́ ní ọjà Ṣàngó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló nawọ́ dìbò yàn án. Ẹgbẹ́ ọmọdé ni ẹgbẹ́ wa, àárọ̀ Sátidé la sì máa ń pàdé, láti aago mẹ́wàá sí aago kan. Ọmọ 23 ni wọ́n. Èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 8, èyí tó dàgbà jù jẹ́ 14. Èmi kọ́ ni olórí wọn. Iṣẹ́ fítà ni mo ṣe fún ọdún 27 ní iléeṣẹ́ kan níhìn-ín kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tó kù fún mi báyìí ni kí n máa tọ́jú àpótí sípánà, kí n sì máa pariwo mọ́ ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan wáyà iná. Bàbá Fítà ni wọ́n ń pè mí.

Sátidé tó kọjá, fáànù onídúró kan ni wọ́n tú. Ẹni tó ni ín ti fẹ́ gbé e fún oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù, torí pé ó ń kùn, kò sì yí. Mo ti mọ ohun tó ṣe é kí wọ́n tó tú síkírúù kìíní, àmọ́ mo pa ẹnu mi dé. (Iṣẹ́ tó le jù fún mi nínú ẹgbẹ́ yìí nìyẹn.) Ọmọkùnrin kan ní kọ́ìlì ló jó. Òmíràn ní rárá, bó bá jó a ò bá ti gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ yí abẹ fáànù náà nígbà tí kò sí iná, ó yí wọ́ọ́rọ́wọ́, a jẹ́ pé ibi tó ń yí lé kò gbẹ. Ọmọdébìnrin ọmọ ọdún 9 kan ló wá bèèrè pé, bí a bá tì í díẹ̀ nígbà tí iná wà lára rẹ̀ ńkọ́? Igi tẹ́ẹ́rẹ́ la lò, a ò lo ọwọ́. A tì í, ó sì gba ibẹ̀ lọ fìrì. Kàpásítọ̀ ló ti kú. Èyí tí a fi pààrọ̀ rẹ̀ kò ju owó búrẹ́dì kan lọ.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wa, fáànù kọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ wò, ìpàdé ni. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan irinṣẹ́, wọ́n á jókòó, akọ̀wé á ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, ẹnì kan á dábàá pé kí a gbà á wọlé, ẹlòmíràn á kín in lẹ́yìn. Akápò á gba owó ọ̀sẹ̀, N50. Ẹni tí kò bá ní á gbálẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́, N50 ni ìtanràn rẹ̀, èmi náà ti san án lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn èyí ló kan ohun tí wọ́n sọ ní 'Kí ló bàjẹ́?' Ọmọ kọ̀ọ̀kan á dìde, á sọ ohun tó dáwọ́ lé láàárín ọ̀sẹ̀ tí kò yọrí. Wọn kì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọn kì í sì í pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ti jókòó nínú ìpàdé àgbà púpọ̀ nílùú yìí, ti onílé, ti alájẹṣẹ́kù, ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. N kò tí ì rí àgbàlagbà kan tó dìde, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ̀sùn kàn án, tó ní òun lòun ba nǹkan jẹ́. Ẹ má sì rò pé àṣà òkèèrè ni mo gbé lé wọn lọ́wọ́. Àárò làwọn bàbá wa fi ń ro oko ara wọn, èsúsú ni wọ́n fi ń kówó jọ, àwọn ará Ìjẹ̀bú ṣì ń to ara wọn ní régberégbe di òní olónìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ òjò fún yín. Nígbà tí June wọlé, àwọn ọmọ ní àwọn fẹ́ mọ iye òjò tó gbọ́dọ̀ rọ̀ kí abẹ́ bíríìjì Ṣàngó tó kún. Ike mínírà ńlá tí ara rẹ̀ gún la lò. A gé orí rẹ̀, a dojú orí náà kọ inú rẹ̀ bí àrọ, a kó òkúta wẹ́wẹ́ sídìí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e ṣubú, a bomi bo òkúta náà títí tí ojú omi fi tẹ́, a fa ìlà òdo síbẹ̀, a sì lẹ rúlà mọ́ ọn lára. Aago méje àárọ̀ ni gbogbo wọn ń ka tiwọn, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á da omi rẹ̀ nù dé ojú òdo. Ike mẹ́sàn-án ló wà, láti Tóòlù Géètì dé Ìjókòó.

Sátidé kan, wọ́n ń ka ìwé ọ̀sẹ̀ náà. Ní àárọ̀ Wẹ́sìdé, ike mẹ́jọ ní òdo. Ìkẹsàn-án, ti ọmọkùnrin kan ní Ìjókòó, ní mílímítà 12. Ariwo ta. Wọ́n ní irọ́ ló pa, pé ó gbàgbé láti kà á ni, ló bá fọkàn dá nọ́ńbà kan. Ọmọ náà ń sunkún. Ẹnì kan dábàá pé kí a yọ ọ́ kúrò lẹ́gbẹ́, ẹlòmíràn ti kín in lẹ́yìn. Èmi alára gbà pé irọ́ ni; mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí màá fi bá a wí lọ́kàn. Alága wọn lu tábìlì. Ó ní, "Ta ló dé Ìjókòó lọ́jọ́ náà nínú wa?" Kẹ́kẹ́ pa. Ó ní kò ní sí ìdìbò lórí ohun tẹ́nì kan ò rí. Ó yan ẹni méjì pé kí wọ́n bá ọmọ náà délé, kí wọ́n wádìí lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà ní gbangba. Ìyá alákàrà kan nítòsí ilé wọn ló dá wọn lóhùn, pé òjò yẹn náà ló pa iná òun ní alẹ́ Túsìdé, tóun fi ru odidi abọ́ ẹ̀wà lílọ̀ wọlé láìtà. Òjò rọ̀ ní Ìjókòó, kò kán ní Ṣàngó. Bí òjò ilẹ̀ wa ti ń ṣe nìyẹn, àdúgbò kan á máa gbọ́n omi, èkejì á máa wá omi.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, 'Kí ló bàjẹ́?' gbà wá tó wákàtí kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dìde tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà, ó sì kàn mí. Ó wà nínú ìwé ìpàdé, pẹ̀lú ọwọ́ akọ̀wé tó rí játijàti: "Bàbá Fítà ní òun náà rò pé irọ́ ni." Láti ọjọ́ náà, ẹni méjì ló ń ka ike kan.

Yàrá ìkàwé kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan la ti ń pàdé tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀gá ibẹ̀ lọ sí ibòmíràn, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ní òun ò rí ìwé àṣẹ. Kò jẹ̀bi, kò sí ìwé. Ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí tó jẹ́ pé abẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé olóore kan la ti ń pàdé. Bí òjò bá ti ṣú, a ti tú ká nìyẹn. Ẹgbẹ́ tó ń wọn òjò ni òjò ń lé kiri. Yàrá náà ṣì wà níbi tó wà, títì pa láti ọ̀sán Fúráìdé di àárọ̀ Mọ́ńdè.

Ẹ mọ irú ìlú tí ìlú yìí jẹ́ jù mí lọ. Láti Ọ̀tà dé Àgbárá, ọgbà iléeṣẹ́ ló tò lọ rẹrẹẹrẹ. Ọmọ wa mọ fèrè iléeṣẹ́ kí ó tó mọ ABD, ṣùgbọ́n géètì nìkan ló mọ̀ nínú iléeṣẹ́. Fún ọdún 27, lójoojúmọ́ tí mo bá ń lọ sẹ́nu iṣẹ́, àárín àwọn ọ̀dọ́ tó dúró síwájú géètì ni mo ń gbà kọjá, tí wọ́n ń retí kí ẹnì kan nàka sí wọn fún iṣẹ́ ojúmọ́. Púpọ̀ nínú wọn ti jáde girama, wọ́n sì yege nínú físíìsì, àmọ́ kò sí ẹ̀rọ kankan tí wọ́n ti tú palẹ̀ rí. N kò sọ pé kí ẹgbẹ́ ọmọdé máa pèsè òṣìṣẹ́ fún iléeṣẹ́ o. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, màá gbé àpótí mi lọ sílé. Mo kàn ń sọ pé ọmọ tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ yẹ kó ti rí inú ẹ̀rọ.

Kí iléeṣẹ́ tó dé, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi mọ Ọ̀tà. Àwọn agbẹ́gilére Ọ̀tà lókìkí nídìí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ogún gbogbo ayé. Kò sẹ́ni tó kọ́ iṣẹ́ yẹn lójú pátákó. Ẹ̀gbẹ́ bàbá lọmọ ń jókòó sí.

Ìjọba náà ti náwó sí ọ̀rọ̀ yìí rí. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ìjọba àpapọ̀ ra irinṣẹ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama, wọ́n kó wọn wá láti Ìlà-Oòrùn Yúróòpù. Ní ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀, kò sí yàrá tí wọ́n á tò wọ́n sí, kò sí iná, kò sí olùkọ́ tó mọ̀ wọ́n ọ́n lò. Àpótí onígi ńlá kan wà lẹ́yìn kíláàsì tiwa. Orí rẹ̀ la ti ń jẹun ọ̀sán. Mo jáde ilé-ìwé láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìgbà tí mo dé ẹnu iṣẹ́, tí mo rí ẹ̀rọ léètì fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, ni ọkàn mi sọ pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ léètì ni a fi ṣe bẹ́ńṣì fún ọdún mẹ́ta.

Ibi tí mo ń bá bọ̀ ni pé irinṣẹ́ kọ́ ló ń kọ́kọ́ wọ́n. Ní 15 January 1902, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan tó ń jẹ́ A. B. Graham kó àwọn ọmọ jọ ní Springfield, ní ìpínlẹ̀ Ohio, Amẹ́ríkà, láti máa kọ́ wọn bí a ti ń gbin àgbàdo àti ewébẹ̀ lọ́nà tó dára. Níbo ló kó wọn sí? Yàrá ìsàlẹ̀ ilé-ẹjọ́ ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí 4-H lónìí ti hù; H mẹ́rin náà lédè Gẹ̀ẹ́sì ni orí, ọkàn, ọwọ́, ìlera. Nítòsí wa níhìn-ín, Abísóyè Àjàyí-Akínfọlárìn ń kó àwọn ọmọbìnrin jọ ní Èkó láti kọ́ wọn ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, CNN sì kà á mọ́ akọni mẹ́wàá rẹ̀ ní 2018. Ọ̀kan nínú ohun táwọn ọmọ náà ṣe ni Makoko Fresh, kí àwọn apẹja Mákòkó lè máa ta ẹja lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹja yẹn ló wù mí jù. Ìyà tó ń jẹ òbí wọn ni wọ́n wá oògùn fún.

N kò ní fi ẹjọ́ 11 July 2024 yọ yín lẹ́nu, èyí tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa wọ àpò ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Gbogbo ìlú ló ti bá yín ná owó yẹn tán lọ́kàn wọn. Kọ́kọ́rọ́ ni mo ń tọrọ. Yàrá kan ní Ṣàngó, ọ̀kan ní Ìjókòó, ọ̀kan ní Atan, ní Sátidé nìkan, pẹ̀lú ìwé tó ní òǹtẹ̀ yín. Kí orúkọ ẹgbẹ́ àti ti àgbàlagbà méjì wà lórí ìwé náà. Kí ó má jẹ́ orúkọ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, kó má baà bá a kó lọ. Mo ní àgbàlagbà méjì, torí ẹnì kan ṣoṣo kò gbọ́dọ̀ dá wà nínú yàrá pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ, ì báà ṣe èmi.

Bí ẹ bá sì tún pe àwọn iléeṣẹ́ sí ìpàdé, ẹ bá wa sọ gbólóhùn kan fún wọn: irin tí wọ́n gé kù, ike tí kò dára tó láti tà, páálí, kí wọ́n ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún wa. Bátìrì ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ sí nínú rẹ̀. Òjé ló wà nínú bátìrì, òjé inú yẹ̀pẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà ló sì pa ọmọdé tó lé ní 400 ní Zamfara ní 2010. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó bá gbé bátìrì wá á fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó jókòó, á sì gbọ́ ìtàn Zamfara látìbẹ̀rẹ̀. Covenant University tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002 àti Bells University tó dé ní 2005 kò jìnnà sí wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà wà níbẹ̀ tí Sátidé ń sú. Ẹ bá wa kọ̀wé sí wọn, lẹ́tà tiyín á wọ ibi tí tèmi ò lè wọ̀.

Àwọn ọmọ ní kí n fi ìwé òjò wọn kún lẹ́tà yìí: June àti July, ọjọ́ 61, ike mẹ́sàn-án. Wọ́n fi bírò pupa fàlà sídìí ọjọ́ tí abẹ́ bíríìjì kún. Ẹ bá wa fi ìwé náà fún àwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà.

Nínú ètò ìpàdé tó ń bọ̀, ohun kẹrin ni 'Èsì láti ọ̀dọ̀ Alága Àgbà'. Akọ̀wé ti fi ìlà mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Bí ẹ bá fẹ́ wá fúnra yín, abẹ́ igi máńgòrò náà la wà, aago mẹ́wàá. Mo ti bá alága wa sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn ńlá a máa pẹ́ dé ibi ìpàdé. Ó ní N50 ni.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Bàbá Fítà, olùtọ́jú àpótí irinṣẹ́,
Ṣàngó Ọ̀tà.