OWÓ ÒKÈ-ÒKUN KÌ Í ṢE IṢẸ́ ÌJỌBA!

Ẹ̀yin ará Òṣòdì, ẹ̀yin ará Ìsọlọ̀, ẹ gbọ́ o!

Báńkì àgbà ìjọba ní owó tí àwọn ọmọ wa fi ránṣẹ́ láti òkè-òkun lọ́dún 2024 lé ní bílíọ̀nù 20 dọ́là. Ni ìjọba bá ń yangàn! Ṣé òógùn wọn ni? Òógùn ọmọ wa ni!

Ta ló lé àwọn ọmọ náà lọ? Lóṣù Kẹfà 2023, ìjọba tú náírà sílẹ̀. Dọ́là kan tí kò tó 500 náírà ti kọjá 1,500 kí ọdún 2024 tó parí. Owó oṣù nọ́ọ̀sì àti tíṣà kò ra nǹkan mọ́, ni wọ́n bá já pa.

Ìdílé ló ń jìyà rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 2024, òfin ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ pé ẹni tó bá ń bọ̀ wá tọ́jú arúgbó kò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání. Ọmọ wa ń wẹ ìyá òyìnbó, ìyá tirẹ̀ ń dá jókòó n'Ísọlọ̀. Òkété tó bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Owó lè dé láti Lọ́ńdọ̀nù, ta ni yóò gbé ìyá lọ sọ́sibítù lóru?

Jákàńdè ṣe gómìnà láti 1979 sí 1983, ó kọ́lé fún mẹ̀kúnnù. Ẹ lọ wo Òkè-Àfà! Ìjọba gidi ń kọ́lé fún ọmọ rẹ̀, kì í lé e wọ bàálù.

Ẹ má ta ìbò yín nítorí ìrẹsì. Ẹ dìbò fún ẹgbẹ́ wa, kí iṣẹ́ wà nílé, kí ọmọ lè tọ́jú ìyá tó bí i!