BÀBÁ ÌKÓKÓ, WO ỌDÚN ÌWÉ KÍ O TÓ SANWÓ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin tí ìyàwó yín ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tàbí tí ó wà nínú oyún, ni mo ń bá wí lọ́dún yìí.

Àwọn àgbà kan láàárín wa máa ń sọ pé ọkùnrin tí ó ń ka ìwé ìtọ́jú ọmọ kò níṣẹ́ ṣe. Wọ́n ní ìwé wo ni bàbá àwọn kà kí ó tó tọ́ àwọn dàgbà? Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi ta kò wọ́n. Bàbá yín kò nílò ìwé nítorí pé ilé kún: ìyá rẹ̀ wà ní ìyẹ̀wù, àwọn ìyàwó ilé wà lágbàlá. Nínú yàrá méjì tí ẹ háyà ní Sábọn Gàrí, ta ni ó wà níbẹ̀? Ìyá á wọkọ̀ wá láti Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, á lo oṣù kan tàbí méjì, á sì padà sídìí ọjà rẹ̀. Ó wá ku ọkọ, ó ku aya, ó ku ìkókó tí ń ké lóru. Bàbá tí kò mọ nǹkan kan kò wúlò lóru ọjọ́ náà.

Nítorí náà, ẹ ra ìwé. Irú èyí tí ẹ ń rà ni mo ń bá yín jà sí. Èyí tí èèpo rẹ̀ ń dán, tàbí ògbólógbòó inú bárò tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ni ẹ ń kó wálé. Oògùn ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán. Ìwé ìtọ́jú ọmọ náà ní tirẹ̀.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Benjamin Spock jẹ́ dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà. Ìwé rẹ̀ tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1946 tà kárí ayé. Nígbà tí ó fi di àtẹ̀jáde 1958, ó ń gba òbí níyànjú pé kí wọ́n dojú ọmọ délẹ̀ bí ó bá ń sùn, kí èébì má baà fún un lọ́rùn. Ọ̀mọ̀wé ni, ó sì fẹ́ràn ọmọ, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn náà léwu. Àwọn olùwádìí wá rí i pé ọmọ tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ ni ikú òjijì ojú oorun ń mú jù. Ní 1992, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà ní kí a jáwọ́ nínú rẹ̀; ìpolongo ńlá bẹ̀rẹ̀ ní 1994, irú ikú bẹ́ẹ̀ sì dín kù tó ìdajì láàárín bí ọdún mẹ́wàá. Àtẹ̀jáde tuntun ti ṣàtúnṣe. Ẹ̀dà àtijọ́ inú bárò kò lè tún ara rẹ̀ ṣe.

Ọdún kejì tí ẹ óò máa wò ni 2001. Ọdún náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a fún ọmọ ní ọmú ìyá nìkan, láìsí omi, fún oṣù mẹ́fà gbáko. Ìwé tí ó ṣáájú rẹ̀ lè ní oṣù mẹ́rin tó láti bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ.

Ẹ tún wo ilẹ̀ tí wọ́n kọ ìwé náà fún. Ní Nàìjíríà, a ń gún ìkókó ní abẹ́rẹ́ BCG nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Wọn kì í sábà gún un fún ọmọ Amẹ́ríkà. Ó ṣòro kí ìwé wọn tó sọ̀rọ̀ ibà àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ó tún ṣòro kí ó tó mẹ́nu ba káńfọ̀ tí a ń jù sínú àpótí aṣọ ọmọ. Bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn ọmọkùnrin Yorùbá ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní èròjà tí dókítà ń pè ní G6PD tó. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn káńfọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bàjẹ́, ojú rẹ̀ á pọ́n bí ìyeyè, ó sì lè ba etí tàbí ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Kí a kàn gbé e sí oòrùn àárọ̀ kò tó. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ.

Ẹnìkan á ní bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Òótọ́ ni. Ìwé kan kò lè kọ́ni bí ìyá àgbà ṣe ń wẹ ọmọ, tí ó ń pọ̀n ọ́n, tí ó sì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ẹ má fi ìwé na ìyá ìyàwó yín lójú. Ṣùgbọ́n káńfọ̀ kì í ṣe ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọjà ni a ti rà á.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ rèé. A ń náwó sí màlúù ìkómọ, a ń náwó sí aṣọ ẹbí. Ẹ jẹ́ kí a ra pẹpẹ ìwé kan sí gbọ̀ngàn wa, kí àwọn nọ́ọ̀sì àárín wa yẹ ìwé wò kí ó tó débẹ̀: ta ni ó kọ ọ́, ọdún wo, ṣé ó mọ ilẹ̀ wa? Èyí tí kò rí iṣẹ́ kankan fún bàbá ju kí ó sanwó lọ, kí wọ́n dá a padà.

A kò ní fi ọmọ ṣòfò.