Ẹni Tó Mọ̀ Pé Àlá Lòun Ń Lá Kì Í Ṣe Àjẹ́

Ìgbàgbọ́ kan ti ta gbòǹgbò láàárín wa, ó sì tó àkókò ká fà á tu. Wọ́n ní ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́, tó pajú dé, tó ń fiyè sí èémí ara rẹ̀, ṣe ló ń gbá ọkàn rẹ̀ mọ́ de ẹ̀mí òkùnkùn. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá sùn lóru, tó mọ̀ lójú àlá pé àlá lòun ń lá, wọ́n á ní ó ti ń fò, ó ti wọ ẹgbẹ́. Nítorí èyí, a ti fi ààwẹ̀ jẹ àwọn ọ̀dọ́ níyà, a ti fi ìṣọ́ òru dá wọn lágara, a sì ti sọ wọ́n di ẹni tó ń bẹ̀rù oorun ara wọn. Irọ́ ni, irọ́ tó ń pani lára sì ni.

Ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n máa ń fà yọ wà nínú Mátíù orí 12, níbi tí Jésù ti sọ̀rọ̀ ẹ̀mí àìmọ́ tó padà sílé tó ti jáde, tó bá a lófìfo. Wọ́n ní ohun tí àṣàrò ń sọ ọkàn dà nìyẹn. Ta ló sọ fún wọn pé ọkàn ẹni tó ń ṣe àṣàrò ṣófo? Ẹ wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó sórí àga, ó gbẹ́sẹ̀ méjèèjì lélẹ̀, ó fọkàn sí ibi tí èémí ti ń gba imú wọlé, tó ń gba imú jáde. Kò ní tó ìṣẹ́jú kan tí ọkàn á ti lọ: owó iná, ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá sọ lánàá, ẹ̀wà tó wà lórí iná. Ọ̀pọ̀ ló ń dìde níbẹ̀ pé àwọn kò mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Ìgbà téèyàn bá ṣàdédé rí i pé ọkàn òun ti lọ, ìgbà yẹn gan-an niṣẹ́ bẹ̀rẹ̀: á mú un padà sídìí èémí, láìbínú sí ara rẹ̀. Ọkàn á tún lọ, á tún mú un bọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ tó. Ibo ni òfìfo wà nínú èyí? Onílé wà nílé, ó ń rí gbogbo ẹni tó ń wọlé àtẹni tó ń jáde. Jẹ́nẹ́sísì orí 24 sọ pé Ísáákì jáde lọ ṣe àṣàrò nínú pápá nírọ̀lẹ́, kò sì sẹ́ni tó dá a lẹ́bi.

Kí ló wá pa àṣàrò pọ̀ mọ́ àlá? Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa sọ lọ́sàn-án pé “ọkàn mi ti lọ” lè bá ara rẹ̀ lóru kan, níbi tó ti ń bá bàbá rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀, kó sì sọ pé “àlá nìyí.” Òye kan náà ló ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé Kristẹni kì í gbọ́ irú èyí. Ní nǹkan bí ọdún 415, Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo ní Àlgéríà òde òní, kọ lẹ́tà sí bíṣọ́ọ̀bù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Evodius. Ó sọ ìtàn oníṣègùn kan, Gennadius, tó ń gbé Carthage, tó ti ń ṣiyèméjì rí bóyá ayé mìíràn wà lẹ́yìn ikú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọ sí i lójú àlá. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó tún padà wá, ó bi í bóyá ojú ayé ni wọ́n ti ríra àbí ojú oorun. Gennadius ní ojú oorun ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní kó mọ̀ pé oorun náà ló ṣì wà títí di ìsinsìnyí, ó wá bi í pé ibo ni ara rẹ̀ wà. Gennadius ní ara òun wà lórí ibùsùn nínú yàrá òun. Ọkùnrin yìí ń sùn, ó sì mọ̀ pé òun ń sùn. Augustine kò pè é ní àjẹ́. Ẹ̀rí rere ló fi í ṣe, láti fi hàn pé ọkàn lè ríran nígbà tí ojú ara bá wà ní dídé.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ti yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú irú oorun tí àlá ti ń pọ̀ jù, ara a máa kú: ọwọ́ kò ní gbé, ẹsẹ̀ kò ní gbé, àmọ́ ẹyinjú á máa yí. (Ìyẹn náà ló wà nídìí ohun tí à ń pè ní pé wọ́n tẹ èèyàn mọ́lẹ̀ lójú oorun: ọkàn ló jí ṣáájú ara.) Ní oṣù kẹrin ọdún 1975, ní Yunifásítì Hull nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olùwádìí kan, Keith Hearne, lẹ wáyà mọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alan Worsley lára kó tó sùn. Àdéhùn wọn ni pé bí Worsley bá ti mọ̀ pé òun wà lójú àlá, kó yí ojú sọ́tùn-ún sósì léraléra. Ó ṣe é, ẹ̀rọ sì kọ ọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń sùn lọ. Lọ́dún 2021, àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà, Faransé, Jámánì àti Netherlands ròyìn pé àwọn ti bi àwọn tó ń lálàá ní ìbéèrè. Wọ́n ní kí ọ̀kan nínú wọn yọ 6 kúrò nínú 8. Ó fi ojú dáhùn láti inú àlá: 2.

Ọ̀rọ̀ tún kù fáwọn tó ń tajà lórí fóònù, tí wọ́n ń ṣèlérí pé àṣàrò ọ̀sẹ̀ kan yóò sọ yín di ọ̀gá lójú àlá. Lọ́dún 2019, Benjamin Baird àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde. Àwọn tó ti ń ṣe àṣàrò láti ọdún pípẹ́ máa ń mọ̀ lójú àlá pé àlá ni ju àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n gba ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ 8, irú èyí tí Jon Kabat-Zinn dá sílẹ̀ ní Massachusetts lọ́dún 1979, àlá tiwọn kò yí padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé jíjókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti tó láti ṣí ilẹ̀kùn fún òkùnkùn, ẹ gbọ́: odindi oṣù méjì kò tó láti mú kéèyàn dá àlá rẹ̀ mọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ máa dá àlá rẹ̀ mọ̀, kó fi ìwé àti bírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kó máa kọ àlá sílẹ̀ kó tó dìde. Stephen LaBerge, tó ṣèwádìí nípa àlá ní Yunifásítì Stanford, kọ́ni pé téèyàn bá jí lójú àlá, kó rán ara rẹ̀ létí àlá ọ̀hún, kó máa sọ fún ara rẹ̀ pé tóun bá tún lálàá, òun á rántí pé àlá ni, títí oorun á fi gbé e lọ. Ẹni tó bá sọ èyí di àṣejù, tó ń fi oorun ṣòfò, ara rẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ohùn tẹ́lòmíràn kò gbọ́, kó rí dókítà kó tó dán an wò. Ọ̀rọ̀ ìlera nìyẹn, ilé ìwòsàn la ti ń yanjú rẹ̀.

Ẹ̀yin pásítọ̀, wòlíì àti àlùfáà, ẹ̀yin lẹ lè dá ìyà tí à ń fi jẹ àwọn ọ̀dọ́ yìí dúró. Àwọn ọmọ kan wà tí nǹkan ń lé lójú àlá lóru dóru, tí wọ́n ń làágùn kalẹ̀. Èyí tó bá mọ̀ láàárín eré náà pé àlá ni lè dúró, kó yíjú padà, kó bi ẹni tó ń lé e pé kí ló ń wá. Bí wọ́n bá mú un wá bá yín, ẹ má dè é mọ́lẹ̀, ẹ má fi ebi pa á. Ẹ sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé kò sóhun tó ṣe é.