Ìtàn Wo Ni Kí Ọmọ Wa Kà?

Tíṣà kan tí ó ti bá wa gbé ní Òkè Ọya níhìn-ín rí, tí ó wà ní Ugbor ní ìlú Benin báyìí, béèrè irú ìtàn kúkúrú tí ó yẹ kí ọmọ ilé-ìwé girama kà. Èsì wa ni pé kí ó yan èyí tí a lè kà tán ní ìjókòó kan, ṣùgbọ́n tí a kò lè tètè jiyàn rẹ̀ tán.

Ẹ wo “Civil Peace” tí Chinua Achebe gbé jáde ní 1971. Ogun Biafra (1967–1970) ti parí. Jonathan ń dúpẹ́ pé orí òun, orí ìyàwó òun àti ti ọmọ mẹ́ta nínú mẹ́rin ṣẹ́kù. Olè dé lóru. Òun àti ará ilé rẹ̀ ké títí, aládùúgbò kan kò yọjú. Olè gba 20 pọ́n-ùn rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ mọ́, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ṣé sùúrù nìyẹn, tàbí ìyà ti mọ́ ọn lára? Èé ṣe tí àwọn aládùúgbò fi dákẹ́? Àwọn kan a máa ní ìtàn tí kò sọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ìparí kò wúlò. Àwa kò gbà. Kí tíṣà má dáhùn fún wọn. Kí ọmọ fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí ó ti rí ìdáhùn nínú ìwé.

Àwa tí a ń gbé ìlú onílùú mọ ohun tí aládùúgbò tí ń jẹ́ ìpè já mọ́. Kí àwọn ọmọ wa ti kíláàsì mọ̀ ọ́n.